Ẹ̀gbà Ọwọ́ Tó Ń Ṣílẹ̀kùn Tó sì Ń Náwó: Ìtọ́sọ́nà fún Òbí Tó Fẹ́ Mú Ọmọ Lọ sí Ọgbà Ìgbádùn Orlando

Ní àwọn ọgbà ìgbádùn ńláńlá tó wà ní agbègbè Orlando, ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, ẹ̀gbà rọ́bà kan tí àlejò ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ ló ti gba iṣẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì, kọ́kọ́rọ́ yàrá òtẹ́ẹ̀lì àti àpamọ́wọ́ ṣe. Walt Disney World ló sọ irú ẹ̀gbà bẹ́ẹ̀ di gbajúmọ̀ lọ́dún 2013, nígbà tí wọ́n gbé MagicBand jáde lábẹ́ ètò kan tí wọ́n pè ní MyMagic+, èyí tí àwọn oníròyìn kọ pé ó jẹ owó tó tó bílíọ̀nù dọ́là kan. Ọ̀pọ̀ ìdílé wa tó ń gbé ní Houston, Atlanta, Maryland tàbí London, àti àwọn tó ń ti Èkó lọ bẹ̀ wọ́n wò, máa ń kó ọmọ lọ síbẹ̀ nígbà ọlidé, àwọn ni mo sì kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún.

Mo fara mọ́ lílo ẹ̀gbà náà, nítorí ó ń dín làálàá kù lóòótọ́ fún ẹni tó kó ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin dání nínú oòrùn. Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta tí kò bára tan ni wọ́n so pọ̀ sínú rẹ̀: ẹnu ọ̀nà, owó, àti àkọsílẹ̀ ibi tí ọmọ yín rìn dé. Iṣẹ́ òbí ni láti ya àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ kí ó tó so ẹ̀gbà náà mọ́ ọmọ lọ́wọ́, kí ó sì pinnu èyí tí yóò gbà àti èyí tí kò ní gbà. Ilé ni ó ti yẹ kí wọ́n ṣe èyí, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà ọgbà níbi tí èrò ti ń tì wọ́n lẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀gbà náà

Ẹ̀rọ rédíò kéékèèké méjì ló wà nínú MagicBand àkọ́kọ́. Ọ̀kan kò lo bátìrì rárá. Ìgbà tí ẹ bá gbé e súnmọ́ ẹ̀rọ tó ń kà á, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kàn án, ló máa ń gba agbára láti ara ẹ̀rọ náà, tí yóò sì dáhùn. Òun ló ń gbà yín wọlé, òun ló ń ṣí yàrá, òun náà ló sì ń sanwó. Ẹ̀rọ kejì ní bátìrì, ó ń lo ìgbì rédíò 2.4 GHz, àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi pamọ́ sí àyíká sì lè gbọ́ ọ láti òkèèrè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbọ́wọ́ sókè. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni fọ́tò tí kámẹ́rà yà yín níbi tí ẹ ti ń sáré lórí ẹ̀rọ ìṣeré fi ń wọ inú àkáǹtì yín fúnra rẹ̀. MagicBand+, tó jáde ní Walt Disney World ní oṣù Keje ọdún 2022, tó sì dé Disneyland ní California ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, ń lo Bluetooth. Bátìrì rẹ̀ ṣeé ṣáájì, ó ń tan iná aláwọ̀ oríṣiríṣi, ó sì máa ń gbọ̀n lọ́wọ́ ẹni tó bá wọ̀ ọ́.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀rọ méjèèjì yìí ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Èkínní kò lè ṣe nǹkan kan àfi tí ẹ bá na ọwọ́. Èkejì kì í dúró de ọwọ́ yín. Ẹ tún mọ̀ pé orúkọ ọmọ yín àti nọ́ńbà káàdì báńkì yín kò sí nínú rọ́bà náà. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà yìí ló sì ń tọ́ka sí àkọsílẹ̀ tó wà nínú kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ náà. Nítorí náà, olè tó bá rí ẹ̀gbà he kò rí nọ́ńbà káàdì yín, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì pa lẹ́nu iṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì máa padà sórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ pinnu ẹni tó nílò rẹ̀ nínú ìdílé

Títí di òpin ọdún 2020, ẹni tó bá sùn sí òtẹ́ẹ̀lì Disney máa ń gba MagicBand lọ́fẹ̀ẹ́. Láti oṣù Kìíní ọdún 2021 ni wọ́n ti dáwọ́ rẹ̀ dúró. Nígbà tí MagicBand+ jáde, owó èyí tó rọjú jù lọ nínú rẹ̀ tó bíi dọ́là 35, èyí tó túmọ̀ sí dọ́là 175 fún ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún kí wọ́n tó ra omi mu. Kò sì pọn dandan. Láti ọdún 2021 ni fóònù ti lè ṣe iṣẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì náà nípasẹ̀ MagicMobile, ẹni tó bá sì wà ní òtẹ́ẹ̀lì Disney lè béèrè fún káàdì oníke tí wọ́n ń pè ní Key to the World, tó ń ṣí ilẹ̀kùn tó sì ń gbani wọlé bíi ti ẹ̀gbà, láìgba kọ́bọ̀.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ra ẹ̀gbà fún àwọn ọmọ tí kò ní fóònù, àti fún òbí tó ń gbé ìkókó tàbí tó ń ti kẹ̀kẹ́ ọmọ, nítorí ọwọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sábà ṣófo. Kí àwọn yòókù lo káàdì. Ẹ má ra èyí tí ẹlòmíràn ti lò rí nítorí pé ó dínwó, torí pé ẹ̀gbà tó ti wà lórí àkáǹtì ẹnì kan kò ṣeé so mọ́ àkáǹtì ẹlòmíràn. Bí ọmọ yín bá jẹ́ ẹni tí ìgbọ̀nrìrì òjijì tàbí iná tó ń ṣẹ́jú máa ń dà láàmú, káàdì ló dára fún un.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kọ orúkọ bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà

Inú áàpù My Disney Experience ni ẹ ó ti so ẹ̀gbà kọ̀ọ̀kan mọ́ ẹni tó ni ín. Àwọn ọmọ wa máa ń ní orúkọ púpọ̀, ó sì rọrùn kí ìyá kọ èyí tí wọ́n ń pè é nílé nígbà tí bàbá ti fi ti ìwé ìrìnnà ra tíkẹ́ẹ̀tì. Orúkọ ìwé ìrìnnà ni kí ẹ lò níbi gbogbo, nítorí bí nǹkan bá daríkodò lẹ́nu ọ̀nà, ìwé ìdánimọ̀ ni òṣìṣẹ́ yóò béèrè.

Ẹ̀gbà Táíwò kì í ṣe ti Kẹ́hìndé. Bí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nínú yàrá, ó ṣeé ṣe kí ẹnu ọ̀nà kọ àwọn méjèèjì. Ẹ ra àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tàbí kí ẹ fi bíírò aláìlèparẹ́ kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ọmọ sí inú rọ́bà náà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 kò nílò tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí náà kò nílò ẹ̀gbà pẹ̀lú.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ yọ owó kúrò lọ́wọ́ ọmọ

Ibi tó yẹ kí òbí dúró sí pẹ́ jù lọ nìyí. Àlejò tó bá wà ní òtẹ́ẹ̀lì Disney nìkan ló lè fi ẹ̀gbà rajà. Ẹni tó bá sùn sí òtẹ́ẹ̀lì mìíràn tàbí sí ilé ẹbí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń forúkọ sílẹ̀ fún yàrá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọn yóò béèrè káàdì báńkì kan àti nọ́ńbà àṣírí oníye mẹ́rin, wọn yóò sì bi yín léèrè àwọn tí ẹ gbà kí wọ́n máa kọ ìnáwó sí yàrá náà lọ́rùn. Ẹ fi í sílẹ̀ fún àgbàlagbà kan, ó pọ̀ tán, méjì. Ẹ má sì sọ nọ́ńbà náà sókè nídìí tábìlì ìsanwó nígbà tí ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹ má sì fi ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni ṣe é.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn ni pé owó tí ojú kò rí tètè ń lọ. Lọ́dún 2001, Drazen Prelec àti Duncan Simester, olùkọ́ méjì ní yunifásítì MIT, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde níbi tí wọ́n ti ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dámọ̀ràn iye tí wọ́n lè san fún tíkẹ́ẹ̀tì eré bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Àwọn tí wọ́n sọ fún pé káàdì ni wọn yóò fi san án dámọ̀ràn iye tó ju ti àwọn tí yóò fi owó gidi san án lọ fíìfíì. Káàdì sì nìyẹn, tí èèyàn gbọ́dọ̀ yọ láti inú àpò. Ẹ̀gbà kò tilẹ̀ béèrè pé kí ẹ fọwọ́ kan àpò. Aṣọ ìwẹ̀ ló wà lára yín, ẹ jìnnà sí àpamọ́wọ́, áísìkirímù sì wà níwájú yín. Ó rọ àlejò lọ́rùn, ó sì rọ ọlọ́jà lọ́rùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí mo rò pé ó ń ṣiṣẹ́ ni pé kí ẹ ra káàdì ẹ̀bùn Disney fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi iye kan sí i, ká ní dọ́là 40 fún gbogbo ìrìn àjò náà, kí ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé bó bá ti tán, ó tán. Ọmọ ọdún 7 mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tó ń tán àti ohun tí kì í tán. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú pé iye tó wà lára ọjà kọ́ ni iye tí yóò san, torí pé owó orí ọjà ní Orange County, níbi tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọgbà náà wà, jẹ́ ìdá 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún, wọn kì í sì í kà á mọ́ iye tó wà lára ọjà. Ẹni tó bá ń lo káàdì báńkì Nàìjíríà tún gbọ́dọ̀ fi iye tí báńkì rẹ̀ ń pààrọ̀ dọ́là kún ìṣirò, kí ó sì béèrè gbèdéke ìnáwó òkè òkun lọ́wọ́ báńkì kí ó tó wọkọ̀ òfuurufú. Lálaalẹ́, kí ọmọ tó sùn, ẹ wo àkọsílẹ̀ ìnáwó yàrá nínú áàpù, tàbí kí ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì. Àṣìṣe tí ẹ bá rí lálẹ́ ọjọ́ náà rọrùn láti tún ṣe ju èyí tí ẹ rí lẹ́yìn tí ẹ ti dé Ìbàdàn lọ.

Ẹ̀gbà tí kì í sanwó pàápàá lè jẹ owó. Ní Super Nintendo World, apá kan nínú ọgbà ilé iṣẹ́ Universal tí wọ́n fi eré fídíò Mario ṣe, tó ṣí ní Osaka ní Jàpáàn ní oṣù Kẹta ọdún 2021, ní Hollywood ní oṣù Kejì ọdún 2023, tó sì wà nínú Epic Universe tí Universal ṣí sí Orlando ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, wọ́n ń ta ẹ̀gbà kan tó ń jẹ́ Power-Up Band lọ́tọ̀ sí tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni lè gun ẹ̀rọ ìṣeré láìní i, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ní i yóò gbá búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ń gbá láti fi gba owó ẹyọ inú eré bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ kò sì ní ka ẹyọ kankan sí i lọ́wọ́. Eré tí wọ́n ti ń bá Bowser Jr., ọ̀tá Mario, jà kò sì ṣí sílẹ̀ fún ẹni tí kò bá fi ẹ̀gbà yìí kó kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta jọ. Mo ka èyí sí ohun tó burú, pé kí ọmọ ti wọ ọgbà tí òbí rẹ̀ sanwó rẹ̀ tán, kí ó sì tún rí i pé ìgbádùn inú rẹ̀ pín sí ti ẹni tó ní àti ti ẹni tí kò ní. Ẹ bá ọmọ sọ ọ́ nílé: bóyá ẹ ó rà á, bóyá ẹ kò ní rà á, tàbí pé ọ̀kan ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò yóò jọ lò. Ẹkún tó bá fẹ́ sun, kó sun ún nílé.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ìka ọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà

Ní Walt Disney World, bí ẹ bá ti fi ẹ̀gbà kan òpó ẹnu ọ̀nà, wọn yóò ní kí ẹni tó bá ti pé ọdún 3 gbé ìka lé ẹ̀rọ kan. Ilé iṣẹ́ náà sọ pé àwòrán ìka kọ́ ni àwọn ń tọ́jú, pé ẹ̀rọ náà ń sọ ọ́ di nọ́ńbà. Ẹni tí kò bá fẹ́ lè fi ìwé ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò dípò rẹ̀, òbí sì lè fi ìka tirẹ̀ rọ́pò ti ọmọ rẹ̀ kékeré. Ọ̀pọ̀ òbí ni kò mọ̀ pé ẹ̀tọ́ wọn ni láti béèrè. Ohun tí ẹ máa sọ kò gùn: ẹ kàn sọ fún òṣìṣẹ́ náà kí ọmọ tó na ọwọ́ pé ìka tiyín lẹ fẹ́ lò.

Ó tọ́ kí a kíyè sí i, nítorí ọ̀rọ̀ ìka ọmọ ti dé ilé ẹjọ́ rí. Ní ọgbà Six Flags Great America ní ìlú Gurnee, ní ìpínlẹ̀ Illinois, wọ́n gba ìtẹ̀ka ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan tó bá ẹgbẹ́ ilé ìwé rẹ̀ lọ, fún káàdì àwọlé ọlọ́dún, láìjẹ́ pé ìyá rẹ̀ fọwọ́ sí i. Ìpínlẹ̀ náà ti ní òfin lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2008, ìyá náà sì pẹjọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2019, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Illinois sọ pé kò dìgbà tí ẹnì kan bá fi hàn pé òun pàdánù nǹkan mìíràn kí ó tó lè pẹjọ́. Pé wọ́n gba ìtẹ̀ka náà láìtẹ̀lé òfin ti tó. Florida ní òfin tirẹ̀, ẹjọ́ Illinois kò dè é, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kó hàn pé kì í ṣe àṣejù ni òbí ń ṣe bó bá béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ìka ọmọ rẹ̀ ṣe.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Nínú ọgbà

Ẹ ṣáájì MagicBand+ lálaalẹ́, kí ẹ sì mú orí ṣájà dání láti ilé, nítorí okùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi sínú páálí. Bí bátìrì bá kú lọ́sàn-án, ẹ má bẹ̀rù. Ẹnu ọ̀nà yóò ṣì gbà yín, yàrá yóò sì ṣí. Iná, ìgbọ̀nrìrì àti fọ́tò tó ń wọlé fúnra rẹ̀ ni ẹ ó pàdánù. Ẹ tú u lálẹ́, ẹ fọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ, torí òógùn Florida lóṣù Keje kò ṣe é fi ṣeré.

Ẹ̀gbà kò gba ìdílé lọ́wọ́ fóònù bí a ṣe rò. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2021, àwọn ìlà kíákíá tí wọ́n ń pè ní Lightning Lane ni ẹ ó kọ́kọ́ fi owó rà nínú áàpù, lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá fi ẹ̀gbà kan òpó níbi tí ìlà náà ti bẹ̀rẹ̀. Kí òbí kan ṣoṣo máa mójú tó áàpù, kí èkejì gbé fóònù rẹ̀ sápò, kí ó sì mójú tó ọmọ.

Ní Volcano Bay, ọgbà olómi tí Universal ṣí ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ẹ̀gbà TapuTapu ni wọ́n ń fún gbogbo àlejò lẹ́nu ọ̀nà láìgba owó kún tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń gbà á padà nígbà tí ẹ bá ń jáde. Ẹ óò fi kan òpó tó wà níwájú ẹ̀rọ ìṣeré, yóò fi àkókò tí yóò kàn yín hàn, yóò sì gbọ̀n lọ́wọ́ yín nígbà tó bá tó. Ìdúró nínú oòrùn dín kù, ṣùgbọ́n ìlà kan ṣoṣo ni ẹ lè wà lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ dé ní kùtùkùtù, ẹ mú èyí tí èrò rẹ̀ pọ̀ jù kọ́kọ́, kí ẹ sì lo àkókò ìdúró náà nínú odò tó ń ṣàn jẹ́jẹ́ tàbí nínú adágún onígbì, tí kò béèrè ẹ̀gbà. Ẹ kìlọ̀ fún ọmọ pé kó má fi ẹ̀gbà rẹ̀ kan òpó tó bá rí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò wà lórí ìlà tí ẹ̀yin kò sí.

Ìgbésẹ̀ keje: Àkọsílẹ̀ ìrìn ọmọ yín

Ní oṣù Kìíní ọdún 2013, kí MagicBand tó dé ọwọ́ àlejò, Ed Markey, tó jẹ́ aṣòfin nígbà náà nílé aṣojú ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé sí Robert Iger, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Disney lásìkò yẹn, láti béèrè ohun tí wọn yóò máa gbà sílẹ̀ nípa àwọn ọmọdé àti ẹni tí wọn yóò fi hàn. Iger dá a lóhùn, ó sì fi ìbínú kọ ẹ̀sùn náà. Ìbéèrè Markey ṣì wúlò. Ọgbà tó mọ ibi tí èrò wà lè fi òṣìṣẹ́ kún ibi tó yẹ, kí ó sì dín ìlà kù, àlejò sì ń jẹ nínú èyí. Ọgbà kan náà mọ ohun tí ìdílé yín jẹ, ohun tí wọ́n rà, àti ẹ̀rọ ìṣeré tí ọmọ yín padà sí lẹ́ẹ̀mẹta.

Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní COPPA, tí wọ́n ṣe lọ́dún 1998, béèrè pé kí òbí fọwọ́ sí i kí ilé iṣẹ́ tó lè gba ìsọfúnni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ṣí àkáǹtì fúnra rẹ̀, ẹ má sì fi kún ọjọ́ orí rẹ̀ kí ó lè rí ọ̀nà ṣí i, nítorí ààbò òfin náà ni ẹ fi ń dù ú. Ẹ lọ sí ibi ètò ìpamọ́ nínú àkáǹtì yín, kí ẹ pa ìpolówó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí ìmọ̀ nípa yín. Nínú fóònù, ẹ jẹ́ kí áàpù náà mọ ibi tí ẹ wà nígbà tí ẹ bá ń lò ó nìkan. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ẹ̀rọ kankan gbọ́ ọmọ yín láti òkèèrè, káàdì oníke ni kí ẹ fún un, torí kò ní bátìrì, kì í sì í sọ̀rọ̀ àfi tí ẹ bá fi kan ẹ̀rọ. Mo mọ̀ pé ọmọ fẹ́ràn iná tó ń tàn lọ́wọ́ nígbà iṣẹ́ iná alẹ́. Òbí ni yóò wọ̀n ọ́n.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Bó bá sọnù, àti nígbà tí ẹ bá padà délé

Bí ẹ̀gbà bá já bọ́, ẹ pa á lẹ́nu iṣẹ́ nínú áàpù lójú ẹsẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, tàbí kí ẹ sáré lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ àlejò. Kọ́kọ́rọ́ yàrá yín ni. Ẹ wá a lẹ́yìn náà. Bí ẹ bá rí i, wọn yóò tún un so.

Nígbà tí ẹ bá ń kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì, ẹ gba àkọsílẹ̀ ìnáwó lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, kí ẹ fi wé àwọn rìsíìtì, kí ẹ sì yọ káàdì báńkì yín kúrò nínú áàpù náà. Ẹ máa wo àkáǹtì báńkì yín fún oṣù kan sí i. Ẹ lè mú ẹ̀gbà náà padà wá bí ẹ bá ń tún lọ, ó ṣì máa ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ni ín; bí ẹ kò bá ní padà, ẹ pa á nínú áàpù kí ẹ tó fún àbúrò tó fẹ́ fi ṣeré.